Ẹ Gbà Mí Lọ́wọ́ Òkè Ìdànrè!

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ dákun, ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí. Mo mọ̀ pé ẹ máa gbè mí, nítorí kò sí ọmọ ẹ̀dá tó máa gbọ́ ohun tí ojú mi rí tí kò ní fọwọ́ lẹ́rán. Ìsinmi ni mo lọ. Ìsinmi! Èmi tí mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kàwé ìdánwò pẹ̀lú iná fóònù nítorí pé iná mànàmáná họ́sítẹ́ẹ̀lì wa máa ń rìnrìn àjò ju àwa akẹ́kọ̀ọ́ lọ, èmi tí mo mu gààrí títí tí ikùn mi fi ń dún bí gángan, mo parí pépà tó gbẹ̀yìn, mo ní kí n kọrí sílé ìyá mi kí n lọ sùn. Oorun lásán! N kò tọrọ owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, n kò fẹ́ ìyàwó oníyàwó. Ṣé oorun ti wá di ẹ̀ṣẹ̀ ni?

Alága ló kó bá mi. Alága kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọjáde, ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti ṣe aṣojú kíláàsì wa lọ́dún kìíní, kò sí nǹkan tí èèyàn mẹ́ta fẹ́ dáwọ́ jọ ṣe tí kò ní yan ara rẹ̀ ṣe alága rẹ̀. Ó wọ yàrá wa lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ gbatẹ́gùn ní Ìdànrè." Gbatẹ́gùn! Bẹ́ẹ̀ atẹ́gùn wà n'Ìbàdàn o. Ọ̀fẹ́ ni. Ojú fèrèsé wa tí kò ní gíláàsì ló ń gbà wọlé. Mo ní bó bá sì ṣe òkè ló fẹ́ gùn, ṣé òkè ti tán n'Ìbàdàn ni? Òkè Màpó ń bẹ, Òkè Ààrẹ ń bẹ, Òkè Bọ́là ń bẹ, Òkè Àdó ń bẹ, mọ́tò sì ń gùn wọ́n! Ó ní ojú mi kò là. Ló bá fi àwòrán kan hàn wá lórí fóònù: ọmọbìnrin kan tó wọ jígí dúdú, tó na ọwọ́ méjèèjì sófuurufú, àpáta ńláńlá dùbúlẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀ bí agbo erin tó ń sùn, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà títí di òní ni mo ti ń ro ẹ̀rín ọmọbìnrin yẹn. Ẹ̀kán òógùn kan kò sí lójú rẹ̀. Ẹyọ kan! Ta ló pọ̀n ọ́n débẹ̀?

Àwa mẹ́rin la gbéra. Ní páàkì, wọ́n ní ó ku èrò kan péré kí bọ́ọ̀sì ó gbéra. Ẹnì kan yẹn, wákàtí méjì la fi retí rẹ̀, nígbà tó sì máa dé, obìnrin tó gbé agbọ̀n ìgbín lọ́wọ́ ni, ẹ̀gbẹ́ mi náà ló sì jókòó sí. Èmi ni mo wà lórí ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó síbẹ̀ rí, ẹ ò nílò àlàyé. Láti Ìbàdàn dé Gbọ̀ngán ni ìdí mi ti ń hó, láti Gbọ̀ngán dé Ifẹ̀ ó ti bọ̀, ká tó dé Iléṣà ó ti jinná pátápátá, ó ku kí wọ́n bu iyọ̀ sí i. Bí iná ṣe ń jó mi nísàlẹ̀ ni ìgbín ń wọ́ lápá mi lókè, tí mo bá sì fẹ́ sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan, alágbo kan ti dìde láàárín ọkọ̀, ó ń polówó oògùn tó ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, tó ń wo ẹ̀yìn ríro, tó ń wo orúnkún dídùn. Ó wo gbogbo ọkọ̀ káàkiri, ó wá tẹjú mọ́ èmi nìkan ṣoṣo. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ ra èyí fún orúnkún." Mo ní orúnkún mi kò ṣe nǹkan kan. Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọkùnrin yẹn mọ ohun kan!

N kò ní pẹ́ lórí Àkúrẹ́. Táksì la wọ̀ níbẹ̀, kìlómítà bí ogún ló kù sí Ìdànrè, èmi àti Alága sì jọ pín àga iwájú kan ṣoṣo tó fi jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí dẹ́rẹ́bà bá fẹ́ yí jíà, itan mi ló ń yí. Àfi bí a ṣe yọ sí ìlú náà tí gbogbo ọkọ̀ pa rọ́rọ́. Àpáta! Kì í ṣe èyí tí èèyàn ń fi ọwọ́ júwe lókèèrè. Wọ́n dúró yí ìlú náà ká ni, dúdú, borokoto, bí àwọn àgbà ẹbí tí wọ́n pe ọmọ jáde láti wá sọ tẹnu ẹ̀. Ilé wà lábẹ́ wọn, ilé ẹ̀kọ́ wà lábẹ́ wọn, àwọn èèyàn sì ń sá kòkó sẹ́bàá ọ̀nà láìgbé ojú sókè wò wọ́n pàápàá. Àwọn kan ní ibi tí orúkọ ìlú náà ti wá ni pé ẹni tó kọ́kọ́ rí òkè náà pariwo pé, "Ìdán rè é!" Èmi náà pariwo, ṣùgbọ́n ohun tí mo sọ kò ṣeé fi sọ ìlú.

A sanwó ìwọlé. A sanwó bàbá tó máa mú wa kiri. Mo ronú pé ibi tí owó bá ti jáde nìyí, ìgbádùn ló kù. Ni bàbá bá na ọ̀pá sí àtẹ̀gùn kan tó gba ara àpáta gòkè lọ bí ìgbà tí ejò bá ń gun ìrókò, n kò sì rí òpin rẹ̀. Mo ní, "Bàbá, mélòó ni àtẹ̀gùn yìí?" Ó ní 667 ni. Ọkùnrin kan tó ń sọ̀ kalẹ̀, tó di ògiri mú bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn, ní rárá, 682 ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó. Àtẹ̀gùn tí ẹnu kò kò lórí iye rẹ̀! Ẹni bá fẹ́ dájọ́ ikú fún mi, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ iye kóbókò. Mo pinnu pé màá kà á fúnra mi kí n lè fi jẹ́rìí níwájú ẹ̀yin òǹkàwé mi. Mo bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Nígbà tí mo ka kọjá igba díẹ̀, èémí mi ti ń jáde láti etí, Alága yíjú padà láti òkè, ó ní, "Aago mélòó ló lù?" Mo ní, "Mọ́kànlá." Gbogbo kíkà bá dà rú! Mélòó ni mo kà dé? Igba ó lé mọ́kànlá ni àbí aago mọ́kànlá? Ẹ bá mi bi Alága léèrè, aago tó wà lọ́wọ́ tiẹ̀ ńkọ́?

Ibi ìsinmi márùn-ún ló wà lójú ọ̀nà, wọ́n kan ìjókòó síbẹ̀ kí èèyàn lè mí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ronú kan márùn-ún. Kí ló dé tí kò ronú kan ọgọ́rùn-ún? Níbi ìsinmi kìíní, gbogbo wa jókòó, a ń rẹ́rìn-ín, a ń ya fọ́tò. Níbi ìkejì, èmi nìkan ni mo jókòó, àwọn tó kù ń dúró dè mí, wọ́n ń ṣe bí ẹni tí kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo ń fi fìlà fẹ́ ara mi tí ìyá arúgbó kan fi yọ nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ lásán, igi ìdáná lórí, kò di nǹkan kan mú, kò sáré, kò dúró. Mo rò pé ó máa jókòó tì mí. Ó kọjá! Ó kí mi ní èdè Ìdànrè tí n kò gbọ́ tán, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ibi tó ti ní pẹ̀lẹ́, mo sì rí bó ṣe wò mí, bí èèyàn ṣe ń wo ọmọ tí kò tètè rìn. Ìyá tó ju ìyá ìyá mi lọ! Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ọmọ kéékèèké mẹ́rin sáré gùn ún kọjá, wọ́n sáré sọ̀ kalẹ̀, wọ́n tún sáré gùn ún, wọ́n kí mi nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, "Ẹ kú ìsinmi o, bọ̀dá." Lẹ́ẹ̀kẹta mo ní kí wọ́n máà kí mi mọ́. Ẹ má sì bi mí nípa piọ́ wọ́tà. Bí òkè ṣe ń ga ni owó rẹ̀ ń ga, Alága sì ti mu tèmi ní ìsàlẹ̀ níbi tí kò ti wọ́n.

Àwọn ará Abẹ́òkúta gbé lífìtì sí Olúmọ. Mo kàn ní kí n dárúkọ rẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí wọ egungun nìyí, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. A ń lọ sí ibi ìsinmi kẹrin nígbà tí bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn, òun tó wọ sílípáàsì, tí òógùn kò sí níwájú orí rẹ̀, tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó jókòó sórí àga. Ó ní orí òkè yìí ni gbogbo ará Ìdànrè ń gbé látijọ́, pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún ọdún, Ọwá ọba wọn ń bẹ níbẹ̀, ààfin ń bẹ níbẹ̀, ọ̀tá kò sì lè rí wọn mú, kó tó di pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó sọ̀ kalẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1920 wọ 1930. Mo dúró. Mo ní, "Bàbá, wọ́n sọ̀ kalẹ̀?"

Ó ní, "Wọ́n sọ̀ kalẹ̀."

Mo ní, "Gbogbo wọn?"

Ó ní, "Gbogbo wọn pátá."

Mo wo Alága. Alága ń wo ẹyẹ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi rò ó! Àwọn tó ni òkè! Àwọn tí wọ́n bí sórí ẹ̀, tí wọ́n mọ gbogbo kọ̀rọ̀ àpáta náà bí wọ́n ṣe mọ ọwọ́ ara wọn, àwọn gan-an ló jókòó, wọ́n rò ó síwá, wọ́n rò ó sẹ́yìn, wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́, wọ́n di àpò, wọ́n di ìkòkò, wọ́n pọn ọmọ, wọ́n bọ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ níbi tí mọ́tò ti lè dé ẹnu ọ̀nà, tí omi ti lè dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì kọ́lé síbẹ̀, wọ́n ń jẹ iyán wọn nírọ̀rùn, èmi tí n kò ní bàbá ńlá kankan lókè níbẹ̀, èmi tí n kò gbàgbé àpò, n kò gbàgbé ìkòkò síbẹ̀, èmi ni mo wá sanwó, pẹ̀lú owó oúnjẹ mi, láti Ìbàdàn, lórí ẹ́ńjìnnì, pẹ̀lú ìgbín, láti máa lọ wo ibi tí àwọn ọlọ́gbọ́n ti kúrò! Ta ló ya wèrè nínú àwa méjèèjì?

Nígbà tí a dé òkè, wọ́n fi ààfin àtijọ́ hàn wá. Òpó rẹ̀ jẹ́ igi tí wọ́n gbẹ́ ní àwòrán èèyàn, tí wọ́n dúró tí wọ́n ń wò mí bí ẹni pé àwọn náà mọ̀ pé mo jókòó sí gbogbo ibi ìsinmi. Wọ́n fi ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀ hàn wá. Wọ́n fi ọgbà ẹ̀wọ̀n hàn wá. Mo béèrè pé kí ni ẹ̀wọ̀n tún fẹ́ ṣe fún ẹni tó ti gun òkè, ẹnikẹ́ni kò dá mi lóhùn. Wọ́n fi ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ hàn wá, mo sì káàánú àwọn ọmọ tó bá pẹ́ dé lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún. Àwọn àmì kan tún wà lára àpáta tí wọ́n ní ọmọ aráyé kankan kò lè kà. Gbogbo ẹgbẹ́ mi ń ṣe háà, wọ́n ń ṣe họ́ọ̀. Kí ló wà níbẹ̀? Mo ti rí èyí tó ṣòroó kà ju bẹ́ẹ̀ lọ: nótì tí mo yá lọ́wọ́ Alága lálẹ́ ọjọ́ tí ìdánwò ku ọ̀la.

Lẹ́yìn èyí ni a dé ibi tí wọ́n ti fi orúkọ mi ṣeré.

Ojú ẹsẹ̀ kan wà lára àpáta níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ẹsẹ̀ Agbóogun. Bàbá ṣàlàyé pé ìtàn sọ pé ó máa ń bá ẹsẹ̀ gbogbo èèyàn mu, ti àgbà, ti ọmọdé, ti ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, ti ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú. Mo ní ó dára. Bàbá wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní àfi ẹni tó bá jẹ́ àjẹ́ tàbí oṣó. Mo ní kí a máa lọ. Alága ní a kì í dé ibi báyìí ká máà gbé ẹsẹ̀ sí i. Ó gbé tirẹ̀ sí i, ó wọ̀ ọ́ rẹ́gí. Àwọn ọmọbìnrin méjì tó bá wa lọ gbé tiwọn sí i, ó wọ̀ wọ́n. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kéékèèké tó ń kí mi lójú ọ̀nà tún yọ láti ibi tí n kò mọ̀, ó gbé tirẹ̀ sí i, ó wọ̀ ọ́! Ó wá ku èmi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí mo sọ fún wọn lọ́jọ́ náà tí wọn kò gbọ́. Bàtà nọ́ńbà 46 ni mò ń wọ̀. Ẹsẹ̀ bàbá mi nìyẹn, ẹsẹ̀ bàbá tirẹ̀ nìyẹn, ṣọ́ọ̀bù tó bá ní i n'Ìbàdàn kò ju méjì lọ. Ẹsẹ̀ tó sì ti gun àtẹ̀gùn 667, tàbí 682, ti wú! Ẹni tó ní làákàyè máa mọ̀ pé ó ti wú! Mo bọ́ bàtà, mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀, mo rọra gbé e sí i. Gìgísẹ̀ mi wà lóde. Mo tì í síwájú, ọmọ ìka bọ́ síta. Mo fà á sẹ́yìn, gìgísẹ̀ tún yọ jáde. Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́. Bàbá gbójú sókè, ó ní ó jọ pé òjò máa rọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà rọra gbé ike omi rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ sí apá kejì. Alága, ọ̀rẹ́ mi, ẹni tí a jọ ń mu gààrí nínú abọ́ kan láti ọdún kìíní, ó wò mí láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ní, "Abájọ tí o fi ń jí lóru."

Ìwé ni mò ń jí kà!

Wọ́n ti ya fọ́tò ẹsẹ̀ mi. Gìgísẹ̀ mi wà lórí WhatsApp kíláàsì kí n tó wọ ìbọ̀sẹ̀ padà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kò jẹ́ kí n pe ìyá mi láti àárọ̀, ojúkan náà ló ti gbé gìgísẹ̀ mi lọ. Ilé ayé! Fóònù tèmi sì kú nígbà tí mo fẹ́ dá wọn lóhùn.

Wọ́n lọ wo nǹkan mìíràn, wọ́n fi mí sílẹ̀ lórí àpáta kan níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́. N kò ní parọ́ fún yín. Mo wo ìsàlẹ̀. Gbogbo Ìdànrè ló tẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, òrùlé páánù tó ti dípẹtà tò bí páálí ìsáná, àpáta kan lẹ́yìn òmíràn títí tí wọ́n fi di àwọ̀ aró lókèèrè, òkè Orósùn dá dúró bí ẹni tí kò bá ẹnikẹ́ni ṣe, ìkùukùu sì ń rìn kọjá nísàlẹ̀ ibi tí mo jókòó sí. Nísàlẹ̀ mi! Ariwo kankan kò sí àfi atẹ́gùn. Mo wà níbẹ̀ bí ogún ìṣẹ́jú, inú ń bí mi, ṣùgbọ́n n kò rántí ẹni tó ń bí mi nínú. Bàbá wá dúró tì mí, ó ní láti 2007 ni wọ́n ti kọ orúkọ òkè yìí sínú ìwé UNESCO pé kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún ogún àgbáyé. Mo ní wọn ò bá jẹ́ kí àgbáyé wá gbé e. Ẹ má sọ fún Alága pé mo jókòó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ o. Ohun tí mo sọ fún un ni pé mò ń wá ibi tí màá gbà sá lọ.

Sísọ̀ kalẹ̀ ńkọ́? Mo rò pé ìyẹn ni èrè. Irọ́! Gígùn ń pa àyà, sísọ̀ ń pa orúnkún. Orúnkún mi ń gbọ̀n bí ẹ̀rọ ìlọta, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀gbẹ́ sọ̀, mo fi ẹ̀yìn sọ̀, níbì kan mo jókòó mo fi ìdí tó ti jinná láti Iléṣà wọ́ àtẹ̀gùn mẹ́fà. Mo ń ronú kan alágbo inú bọ́ọ̀sì. Mo ń dárúkọ rẹ̀, mi ò sì mọ orúkọ rẹ̀. Nígbà tí mo dé búkà nísàlẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń fọ ọwọ́. Ìyá olóúnjẹ ní iyán kù, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí kù, ẹran ìgbẹ́ ló tán. Ta ló jẹ ẹran ìgbẹ́ tó kẹ́yìn? Mi ò ní dárúkọ. Ṣùgbọ́n ó ń fi igi ta eyín, ó sì jẹ́ alága.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń fọwọ́ gbé ẹsẹ̀ kí n tó lè wọ ṣálángá. Oorun tí mo ní kí n lọ sùn kò dé, nítorí pé tí mo bá yí sí ọ̀tún, itan á pariwo, tí mo bá yí sí òsì, ìdí á dáhùn. Ìyá mi kò sì kí mi káàbọ̀. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí mo wọlé ni, "Ẹsẹ̀ ta ni mo rí lórí fóònù Ìyá Ṣadé yẹn?" Mo ṣàlàyé bàtà 46 fún un. Mo ṣàlàyé ẹsẹ̀ wíwú. Ó ní ó dára, kò bá mi wí, ó kàn pa ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ dé lálẹ́ ọjọ́ náà, èyí tí kò ṣe rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi.

Àná ló wá pè mí. Ó ní ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ ti háyà bọ́ọ̀sì, pé wọ́n fẹ́ lọ gbatẹ́gùn ní Ìdànrè ní ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀, wọ́n sì ti kọ orúkọ mi sílẹ̀ pé èmi ni màá mú wọn lọ nítorí pé mo mọ ọ̀nà. Mo ní, "Ẹ̀yin mélòó, mọ́mì?" Ó ní àwọn ọgbọ̀n ó lé mẹ́ta, Ìyá Ṣadé sì máa wá pẹ̀lú fóònù rẹ̀. Ó ti ra bàtà kánfáàsì funfun, ó ti ń wọ̀ ọ́ káàkiri ilé kí ó lè rọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀. Ó ní kí èmi náà tètè gé èékánná ẹsẹ̀ mi, kí n sì fi omi gbígbóná pẹ̀lú iyọ̀ rẹ̀ ẹ́ láti ìsinsìnyí títí di Jímọ̀, nítorí pé tí a bá ti dé òkè, ojú gbogbo ìjọ ni òun fẹ́ kí n ti tún gbé ẹsẹ̀ náà sí ti Agbóogun.